Àkísà Ìró Ìyá Mi Lára Igi Ògùrọ̀

Àwọn oníbàárà mi ní Ọjà Ọba, níbi tí mo ti ń ránṣọ ní Àkúrẹ́, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀pẹ àti igi ògùrọ̀. Mo ti bá wọn jiyàn títí, ó ti sú mi. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló ń jẹ́ ògùrọ̀, wọ́n á ní nǹkan mímu ni, inú kẹ́ẹ̀gì ló ń wà. Àfi bíi pé kẹ́ẹ̀gì ló bí i! Ẹ wá lọ sí Alágbàká, níbi tí àwọn ọlọ́lá ìjọba ń gbé. Wọ́n ra ọ̀pẹ òyìnbó tí kò so nǹkan tí èèyàn lè jẹ, wọ́n gbìn ín sẹ́nu géètì, wọ́n wá fi ọ̀dà funfun kun ìdí rẹ̀ bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ewúrẹ́. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ẹwà. Ṣíọ̀!

Igi ògùrọ̀ kì í gbé ẹnu géètì. Inú irà ló ń gbé. Èyí tí mo mọ̀ wà lẹ́yìn ilé ìyá mi ní ìlú Oǹdó, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra lọ sísàlẹ̀ títí tó fi bá odò kékeré kan tí kò tiẹ̀ ní orúkọ gidi. Omi ibẹ̀ dúdú, kì í gbẹ, àní nígbà ọyẹ́. Bí ẹ bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ á gbé e mì dé orúnkún, ẹ ó sì fa ẹsẹ̀ náà yọ pẹ̀lú wàhálà. Igi náà kì í ga bí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n imọ̀ rẹ̀! Imọ̀ kan ṣoṣo gùn ju ilé tí a ń gbé lọ. Àwọn ẹyẹ ẹ̀ga á kọ́lé síbẹ̀, wọ́n á máa pariwo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Akàn ń rìn nídìí rẹ̀, ẹja àrọ̀ ń sá pamọ́ sáàárín gbòǹgbò rẹ̀, àwọn gbòǹgbò mìíràn sì ń yọ orí sókè láti inú ẹrẹ̀ kí wọ́n lè mí. Bí ẹ bá gbé igi yìí lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ, bó ti wù kí ẹ bomi rin ín tó, ẹ kàn ń dá ara yín lágara ni.

Àbàtà yìí ló tọ́ wa. Màá tún un sọ, torí pé ẹnì kan wà tó ti gbàgbé: àbàtà yìí ló tọ́ wa. Adẹ́mu kan ló ń bá ìyá mi dá ògùrọ̀, ará Ùrhobo tó ti pẹ́ ní Oǹdó débi pé èdè wa ló fi ń bú èèyàn. Èyí tó bá gbé wá láàárọ̀, ìyá mi á tà á kí oòrùn tó mú. Èyí tó bá ti kan, adẹ́mu á fi se ògógóró. Ìyá mi ń bó ìko lára imọ̀ tuntun, wọ́n fi ń hun ẹní. Pákó imọ̀ rẹ̀ la fi kọ́ ilé ìdáná. Ògùrọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ àkọ́bí ilé wa, fi ka ìwé dé yunifásítì. Òun náà ló di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́, tó kọ́lé sí Alágbàká, tó fẹ̀yìntì, tó wá di alàgbà nínú ìjọ kan tó jẹ́ pé wíwá ọ̀tá kiri ni iṣẹ́ wọn. Ní báyìí, bí ẹ bá dárúkọ ògùrọ̀ lójú rẹ̀, ṣe ló máa ń yínmú. Ó ní igi èṣù ni. Igi èṣù tó san owó ilé ìwé rẹ, àbí?

Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó". Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń lò, torí pé Àkúrẹ́ la wà, a sì ti di ọ̀làjú. Ṣùgbọ́n èdè Oǹdó wa látilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ "ẹ" sí àgbà, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìyá mi nìkan ni màá fún ní "wọ́n". Wọ́n ṣiṣẹ́ fún un.

Kí ẹ tó lè mọ bí wèrè ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kí ẹ mọ bí igi ògùrọ̀ ṣe ń lo ayé rẹ̀. Ọ̀pẹ á máa so lọ́dọọdún títí ẹni tó gbìn ín á fi lọ. Ògùrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń so láyé rẹ̀. Á kọ́kọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa kó agbára jọ. Nígbà tí àkókò bá wá tó, á yọ òdòdó lórí, èso á sì fà sílẹ̀ ní ìdì gbọọrọ gbọọrọ, èèpo èso náà á tò léra bí ìpẹ́ ẹja. Èso yìí kì í kánjú. Ọdún á gorí ọdún kí ó tó gbó. Bó ṣe ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni imọ̀ igi á máa gbẹ, tí á máa já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí èso bá fi já sínú omi tán, igi náà ti kú. Kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló parí.

Adẹ́mu ní tirẹ̀, kí igi tó yọ òdòdó ló ń gé e lórí, kí ohun dídùn tí igi ti kó jọ lè máa kán sínú kèrègbè. Igi tí wọ́n bá ti dá báyìí kò lè so mọ́. Á kú láìbímọ. Nítorí náà, bí ẹ bá dá gbogbo igi inú àbàtà yín, ẹ ti gbọn ọ̀la yín mu nìyẹn. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó bá fẹ́ yọ òdòdó, wọ́n á yan èyí tó dúró dáadáa jù, wọ́n á ya etí ìró wọn tó ti gbó, wọ́n á fi di igi náà ní ìbàdí. Adẹ́mu tó bá rí aṣọ yẹn ti mọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. "Igi ọmọ" là ń pè é nílé wa. Kò sí ẹbọ níbẹ̀, kò sí orógbó, kò sí ẹyẹlé. Àkísà ni. Ẹ̀gbọ́n mi yìí gan-an, nígbà tí a wà lọ́mọdé, òun ló máa ń bá wọn di í, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ga ju tèmi lọ. Ó tiẹ̀ máa ń fi í yangàn fún mi.

Ayé wá yí padà. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í da yẹ̀pẹ̀ sínú àbàtà, ẹni tó wà lápá òkè kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lórí, ẹlòmíràn fi búlọ́ọ̀kù dí ọ̀nà omi. Nígbà òjò, omi á wọ ilé wọn, wọ́n á wá máa ké sí ìjọba. Ìjọba ló ní kí ẹ kọ́lé sínú odò ni? Àwọn ògùrọ̀ kéékèèké tó wà lápá ibẹ̀ pọ́n, wọ́n sì gbẹ. Adẹ́mu ti dá èyí tó kù lára àwọn àgbà. Bó ṣe ku igi ọmọ kan ṣoṣo nìyẹn, pẹ̀lú àkísà ìró ìyá mi ní ìbàdí rẹ̀, tó ti so, tí èso rẹ̀ ń gbó bọ̀.

Ìyá mi kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, kí n tó kí wọn tán, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀: imọ̀ mìíràn ti já, èso apá ibí yìí ti ń yí àwọ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ kan ń yọjú wò ó, wọ́n ti lé e. Wọ́n ní bí ó bá ti gbó tó sì já, àwọn á ṣa ọmọ rẹ̀, àwọn á lọ rì wọ́n sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí omi ṣì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì da yẹ̀pẹ̀ sí. "Bí ọmọ èyí bá yè," ni wọ́n sọ fún mi, "àbàtà wa yè. Bí kò bá yè, ó tán." Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́dún náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi rántí pé òun ní ìyá. Ó wa mọ́tò lọ sí Oǹdó lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú kan, ó jẹun, ó yọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó rí igi tí imọ̀ rẹ̀ ń gbẹ, ó rí aṣọ ìyá rẹ̀ lára igi. Ẹni tó ní ọpọlọ lórí, ìyá rẹ̀ ló máa bi. Ìyá wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ yẹn! Àmọ́ kò bi wọ́n. Fọ́tò ló yà, ó fi ránṣẹ́ sí wòlíì ìjọ wọn.

Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mò ń rán apá bùbá kan nígbà náà, mo fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí.

"Ṣé o ti rí igi tó wà lẹ́yìn ilé ìyá wa?"

"Èwo nínú igi, Bọ̀dá mi?"

"Èyí tí wọ́n di aṣọ ìyá wa mọ́. Igi yẹn ń kú lọ. Wọ́n ti fihàn pé ẹ̀mí ìyá wa ni wọ́n so mọ́ ọn. Ọjọ́ tó bá kú, ìyá wa ń bá a lọ nìyẹn."

"Ta ló so ó?"

"Àwọn ọ̀tá."

"Bọ̀dá mi, ìyá wa ló so ó. Ẹ̀yin náà ti bá wọn so irú ẹ̀ rí. Ẹ ò rántí ni?"

Mo rò pé ó ti rántí. "Ohun tí mo ṣe nígbà àìmọ̀," ló wí, "Ọlọ́run ti dárí rẹ̀ jì mí."

Ẹ gbà mí o! Mo gbé bùbá sílẹ̀. Ìbínú tó gbé mi lọ́jọ́ náà, bí mo bá fi ránṣọ, abẹ́rẹ́ á gún mi. Mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Alágbàká.

Mo bá wòlíì náà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọkùnrin kan báyìí, òórùn lọ́fíńdà rẹ̀ ti ń kí èèyàn láti ẹnu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ ṣóńṣó lẹ́nu, ó sì ń dán débi pé màá lè wo ojú mi nínú rẹ̀ láti ta gèlè. Ó bi mí bóyá ara Màmá le. Mo ní ó le, orúnkún nìkan ló ń dùn wọ́n.

"Ẹ rí i!" Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Mo sọ fún yín. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀."

Mo ní, "Wòlíì, ìyá àgbà wo ni orúnkún kì í dùn? Àbí orúnkún igi náà ń dun òun náà ni?"

Irú wọn kì í dáhùn ìbéèrè, wọ́n máa ń di ojú ni. Ó di ojú, ó ní òun rí omi, òun rí ẹrẹ̀ dúdú, òun rí aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú fọ́tò náà tẹ́lẹ̀? Omi ni, ẹrẹ̀ ni, aṣọ ni! Ó ní igi tó ń kú tòun ti ọmọ lọ́rùn, ìyá onílé ló dúró fún. Ó ní kí wọ́n gé e kí ó tó kú fúnra rẹ̀, májẹ̀mú á já, ìyá á sì pẹ́ láyé.

Mo ṣàlàyé. Mo fi ìka ka á fún wọn bí igi ògùrọ̀ ṣe ń so lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń kú lẹ́yìn rẹ̀, láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá a. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn: orúnkún ìyá rẹ̀ ń dùn, kò ra òróró ìpara kan fún wọn, igi ló fẹ́ gé. Nígbà tí mo dìde, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì, níbi tí àwọn ọ̀pẹ ọlọ́dà funfun rẹ̀ wà. Ó di apá mi mú. "Mi ò ní ìyá méjì," ló wí. Mo mọ̀ pé kò parọ́. Ìyẹn gan-an ló mú inú bí mi jù. Ká ní ilẹ̀ ló fẹ́ tà ni, màá ti mọ bí màá ṣe bá a jà. Báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tí ẹ̀rù ń bà tòótọ́tòótọ́ jà?

Ní Sátidé, òun àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ ya dé Oǹdó pẹ̀lú mọ́tò méjì. Mo ti dé ṣáájú wọn. Wòlíì ló ṣáájú pẹ̀lú ìgò òróró, àwọn aládùúrà tẹ̀ lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì wà lẹ́yìn nínú agbádá. Agbádá, láti wọ irà! Ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ìko. Wọ́n ní, "Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún o, ibẹ̀ ló le." Ẹni tí ẹ wá gbà sílẹ̀ ń júwe ọ̀nà fún yín, ẹ kò gbọ́.

Wòlíì gba ẹ̀gbẹ́ òsì. Ìṣísẹ̀ mélòó kan, ó ti rì dé itan. Bó ṣe ń jà ni ó ń rì sí i. Ó figbe ta: "Ẹ̀mí omi ti dì mí mú! Ẹ gbàdúrà!" Àwọn tó kù dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n ń fi gbogbo ara gbàdúrà, kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ìyá mi ló dìde tòun ti orúnkún dídùn, wọ́n mú pákó imọ̀ ògùrọ̀ gígùn kan tó fara ti ilé ìdáná, wọ́n nà án sí i. "Ọmọ mi, má jà mọ́. Jókòó sínú ẹ̀. Fa ẹsẹ̀ kan yọ ná." Báyìí ni igi èṣù ṣe fa wòlíì jáde. Bàtà rẹ̀ kan wà níbẹ̀ dòní, bí akàn kò bá tíì kó wọ ilé tuntun.

Lẹ́yìn tí wọ́n fún un lómi, tó fọ ẹsẹ̀, ìyá mi pe ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Wọn ò pariwo. "Jẹ́ kí ó gbó," ni wọ́n wí. "Mi ò bẹ̀ ọ́ ju ìyẹn lọ. Bí èso rẹ̀ bá ti já, gé e, sun ún, fi òróró wẹ̀ ẹ́, ohun tó bá wù ọ́." Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ nínú agbádá ẹlẹ́rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Gbogbo wa la rí i tó dọ̀bálẹ̀.

Oṣù kan kò tíì pé lẹ́yìn náà tó wá gbé wọn, ó ní kí wọ́n wá yẹ ojú wọn wò ní Àkúrẹ́. Ìyá mi wọ aṣọ tó dára. Wọ́n ní ojú àwọn ti ń rí bàìbàì, ó sì yẹ kí àwọn lè rí èso náà dáadáa bó bá ń já. Àwọn dókítà yẹ ojú wọn wò lóòótọ́, wọ́n fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sí i, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí wọ́n sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Mo lọ kí wọn ní Alágbàká. Wọ́n jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n fi aṣọ ìbora bo ẹsẹ̀, wọ́n ń bi mí bóyá òjò ti rọ̀ ní Oǹdó. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ní, ó dáa, ọkùnrin yìí ti ronú, ojú ni ó ń tọ́jú báyìí, kì í ṣe igi.

Èmi ni mo bá wọn wọ mọ́tò padà sí Oǹdó. A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ìyá mi fi dúró. Wọ́n ní, "Ẹ̀ga dà?" Mo fetí sílẹ̀. Lóòótọ́, kò sí ariwo ẹyẹ kankan. Mo sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá.

Igi náà ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ agégi gé e, wọ́n tẹ́ pákó sórí irà kí ẹsẹ̀ wọn má bàa rì. Ọgbọ́n wọn tó ìyẹn, ṣé ẹ rí i! Wọ́n da òróró sí ìdí rẹ̀, wọ́n dáná sí i, iná kọ̀ nítorí pé omi ló kún inú rẹ̀. Àkísà ìró ìyá mi ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀. Adẹ́mu jáde wá láti ilé kejì, ó ní òun bẹ̀ wọ́n, òun ní kí wọ́n dúró de Ìyá, wọ́n ní aṣojú èṣù ni òun. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, tó ń na ìka.

Ìyá mi tẹ̀ lé pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n dé ibi tí ìdì èso wà. Mo ń retí kí wọ́n figbe ta. Mo ti múra èpè tèmi sílẹ̀, mo ní tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, màá gbè é. Wọ́n já ọ̀kan, wọ́n fi èékánná ṣí èèpo rẹ̀. Inú rẹ̀ ṣì rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ó funfun bí ẹyin tí kò jinná. Wọ́n já òmíràn láti ìdì kejì. Bákan náà. Wọ́n ń já a lọ báyìí, láti ìdì dé ìdì, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń sọ ọ́ sílẹ̀. "Kò tíì gbó," ni wọ́n ń wí. "Èyí náà kò tíì gbó."

A ṣì rì wọ́n sí ìsàlẹ̀, níbi tí omi wà. Ìyá mi ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀, èmi àti adẹ́mu la sì ń kó wọn. Nígbà tí mo padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òórùn wọn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Wọ́n ti rà. Ìyá mi ṣì máa ń lọ wò wọ́n láràárọ̀, pẹ̀lú ojú tí ẹ̀gbọ́n mi ti bá wọn tọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ń fò fáyọ̀. Májẹ̀mú ti já! Ó fi ìdúpẹ́ sí ọjọ́ Àìkú kan, ó pe gbogbo ẹbí, ó ra màlúù. Mi ò fẹ́ lọ. Ìyá mi ní kí n wá, kí n wá di àwọn lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kún fọ́fọ́. Wòlíì ti ra bàtà tuntun, ó tún ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sọ ìtàn bí òun ṣe wọ inú àbàtà, bí ẹ̀mí omi ṣe di òun lẹ́sẹ̀ mú, bí òun ṣe jà tí òun sì ṣẹ́gun. Kò mẹ́nu kan pákó imọ̀ ògùrọ̀. Ẹnu mi ń yún mi, àmọ́ ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí itan.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi gba máìkì. Omijé wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò wọ́n! Wọ́n ní wọ́n á kú, wọn ò kú!" Ìjọ hó. Ó wá fi máìkì lé ìyá wa lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́rìí.

Ìyá mi dìde. Wọ́n kí ìjọ. Wọ́n kí wòlíì. Ohùn wọn kò lọ sókè, kò sì gbọ̀n.

"Ọmọ mi ní òun kò fẹ́ kí n kú," ni wọ́n wí. "Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ mo ti dàgbà, màá kú. Mo ti bímọ, ọmọ mi ti gbó, ó ti bímọ tirẹ̀. Kí ni mo tún ń wá? Igi yẹn náà fẹ́ kú. Ó ti bímọ, ó kàn ń dúró kí ọmọ rẹ̀ gbó ni. Ẹ kò jẹ́ kí ó kú. Ẹ pa á ni."

"Ààmín!" ni ìjọ ṣe pa pọ̀. Ó ti mọ́ wọn lára, bí ìyá àgbà bá ti dánu dúró, ààmín ló kàn. Onídùùrù tẹ ohùn orin, onílù gbà á, gbogbo wọn dìde, wòlíì ló ṣáájú ijó. Wọ́n ń ju áńkáṣíìfù sókè. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń gbá mi léjìká, wọ́n ń kí mi kú oríire.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò jó. Ó ti gba máìkì lọ́wọ́ ìyá wa, ó dúró sójú kan, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rọra padà bọ̀ wá sídìí àga wọn. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rí i tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò rántí pé máìkì náà ṣì ń ṣiṣẹ́, torí náà gbogbo wa la gbọ́ ọ, láàárín ìlù àti ijó:

"Ìyá, ṣé kò sí igi ọmọ mìíràn níbẹ̀ mọ́ ni?"

"Kò sí," ni ìyá mi wí, wọ́n sì jókòó.